Ibi tí Ẹ̀rín Bọ́ Sí: Àgbéyẹ̀wò Ewì Ẹlẹ́fẹ̀ láti Ìbàdàn dé Amẹ́ríkà

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dojú kọ ni ipò tí ẹ̀rín ní nínú ewì òde òní, pàápàá ewì tí a kọ sílẹ̀, tí a tẹ̀ ní ìwé tàbí tí a ké lórí rédíò ní ìlú Ìbàdàn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àti bí ewì náà ṣe rí tí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ewì apanilẹ́rìn-ín ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́, ìyẹn àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò láti sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí, ló ti ka irú ewì bẹ́ẹ̀ sí ìpápánu tí a fi ń retí oúnjẹ gidi. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níbí yàtọ̀ sí tiwọn: ìdájọ́ ni ewì ẹlẹ́fẹ̀, òṣùwọ̀n tó sì yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n ni ibi tí ẹ̀rín rẹ̀ bọ́ sí, ìyẹn ẹni tí a fi rẹ́rìn-ín àti ohun tuntun tí olùgbọ́ mọ̀ lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la àwọn ọ̀rọ̀ kan tí a ó máa lò. Àwàdà ni ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tí a fi ń dá ara yá, tí kò sì pọn dandan kí ó bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ̀fẹ̀, bí a ṣe lò ó níhìn-ín, ni àwàdà tó ní ẹni tó ń bá wí, yálà a dárúkọ ẹni náà tàbí a fi òwe bo orúkọ rẹ̀. Ìfọ̀rọ̀dárà ni kí a fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn súnmọ́ ara wọn ṣeré. Àsọrégèé ni kí a sọ nǹkan kọjá bó ṣe rí kí ó lè hàn kedere. Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ sì ni kí a sọ ohun kan nígbà tó jẹ́ pé òdìkejì rẹ̀ ni a ní lọ́kàn. Àwọn ọgbọ́n mẹ́ta yìí ni yóò máa jẹ yọ jù lọ nínú ohun tí a ó gbé yẹ̀wò.

Gbòǹgbò ẹ̀fẹ̀

Kí ìwé tó dé ni ẹ̀fẹ̀ ti ní ipò tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún Òkèbàdàn, tí a máa ń ṣe ní oṣù Ẹrẹ́nà ní ìrántí òkè tó dáàbò bo Lágelú, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí ogun tú wọn ká, máa ń fún àwọn ará ìlú ní àyè tí wọn kì í rí ní ọjọ́ mìíràn: tọmọdé tàgbà a máa jáde sí ìgboro, wọn a máa kọrin èébú, wọn a máa dárúkọ ohun tí a kì í dárúkọ ní gbangba, wọn a sì máa fi ìwà àwọn ará àdúgbò ṣẹ̀fẹ̀, láìsí ẹni tó gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ bínú. Ohun méjì ló ṣe pàtàkì nínú àṣà yìí fún ẹni tó fẹ́ mọ ewì ẹlẹ́fẹ̀. Èkínní ni pé ìlú fúnra rẹ̀ ló fún ẹ̀fẹ̀ láyè, nítorí náà ẹni tó bá ń bínú sí i, ìlú ló ń bá jà. Èkejì ni pé àyè náà ní ààlà, nítorí pé nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹni tó bá tún kọ irú orin bẹ́ẹ̀ yóò rí ìjà.

Láàrin àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn, láti Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó títí dé Kétu ní ilẹ̀ Benin, ìṣètò tó jọ èyí wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, tí wọ́n sì fi sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ní òru tó ṣáájú ọjọ́ ijó ni olórin tí à ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. Yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, ìyẹn ni pé yóò bọ̀wọ̀ fún agbára wọn, yóò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí olè, aláṣejù àti olóyè tó ṣi agbára lò. Ìjúbà náà ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Nínú ìjálá pẹ̀lú, tí í ṣe ewì àwọn ọdẹ àti ọmọ Ògún, oríkì ẹranko kún fún àsọrégèé tó ń panilẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí S. A. Babalọlá ṣe fi hàn nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1966. A ó sì rí i pé ọdẹ tó ń fi ìrísí ọ̀bọ tàbí ìjẹun erin ṣẹ̀fẹ̀ máa ń rí ọ̀nà yà sọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn kó tó pa ohùn dé.

Ẹ̀fẹ̀ wọ inú ìwé

Ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Joṣíà Ṣówándé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ṣóbọ̀ Aróbíodu, ti ń tẹ àròfọ̀ jáde, ìyẹn ewì tí a ronú sí kí a tó gbé e jáde. Ní Ìbàdàn, Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá, ẹni tó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn The Yoruba News láti 1924, ló ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́nà tó gbilẹ̀ jù lọ. Ìwé mẹ́ta ló tẹ̀ lábẹ́ orúkọ Àwọn Akéwì, ní 1927, ní 1934 àti ní 1945. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé a kó àṣàyàn ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jọ lórí kókó kan ṣoṣo, bíi ahun, ọ̀lẹ tàbí elékèé, a sì tò wọ́n tẹ̀ léra wọn títí ìwà náà kò fi ní ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Òwe kan ṣoṣo lórí ahun lè mú kí ènìyàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ bá tẹ̀ léra wọn, tí èkejì ń ti èkínní lẹ́yìn, olùkàwé tó mọ̀ pé òun náà ń ṣe ahun yóò rí i pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ọbasá kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo àwùjọ ni ẹ̀rín rẹ̀ bọ́ sí, ìdí sì nìyẹn tí ilé ìwé fi lè gba ìwé rẹ̀ láìbẹ̀rù ìjà.

Àwọn tó tẹ̀ lé e fẹ ọ̀nà náà. J. F. Ọdúnjọ, tí àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ dáadáa nítorí ìwé kíkà Aláwíyé, tẹ Akójọpọ̀ Ewì Aládùn ní 1961, Afọlábí Ọlábímtán sì tẹ Àádọ́ta Àròfọ̀ ní 1969. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí a bí ní abúlé Lábọ̀dé ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn ní 1939, gbé Àfàìmọ̀ àti Àwọn Àròfọ̀ Mìíràn jáde ní 1978. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin Ìṣọ̀lá àti Ọbasá ṣe pàtàkì: Ọbasá ń lo ọ̀rọ̀ tí ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Ìṣọ̀lá sì ń dá ohùn ènìyàn kan sílẹ̀ nínú ewì, tí ẹni náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí ẹ̀fẹ̀ sì ń jáde láti inú ohun tí ẹni náà sọ láìmọ̀ pé òun ń tú ara òun fó. Àwọn tí Ìṣọ̀lá bá wí jù lọ ní gbogbo ayé rẹ̀, nínú ewì, eré onítàn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń tijú èdè ìyá wọn. Ẹ̀rín rẹ̀ bọ́ sórí ẹni tó ní àyè láti yí padà, èyí tó mú kí ó wúlò.

Rédíò àti ohùn akéwì

Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959, ewì Yorùbá tún rí ẹnu fọhùn lọ́nà tuntun. Adébáyọ̀ Fálétí, Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ wà lára àwọn akéwì tó bá ilé iṣẹ́ náà ṣe, ohùn wọn sì dé ibi tí ìwé kò lè dé, nítorí pé àgbẹ̀ tó wà lóko, ìyá tó ń ta ọjà àti awakọ̀ tó wà ní ìdíkọ̀ ló lè gbọ́ wọn láìmọ̀wé kà. Rédíò yí ìrísí ewì padà. Olùkàwé lè padà sí ìlà tí kò yé e, ṣùgbọ́n olùgbọ́ rédíò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà akéwì ní láti jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ yé ènìyàn lójú ẹsẹ̀, kí ó lo àwítúnwí, ìyẹn sísọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, kí ó sì fi ohùn ṣe iṣẹ́ tí àmì ń ṣe nínú ìwé.

Ibí ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá ti di ohun èlò ńlá. Bí akéwì bá sọ pé ẹlẹ́mu kan fi igbà gun ọ̀pẹ nígbà tí àwọn oníbàárà gbé igbá dúró dè é, tó sì gba igba naira lọ́wọ́ wọn kó tó sọ̀ kalẹ̀, etí olùgbọ́ yóò máa sáré tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mẹ́rin, igbà, ìgbà, igbá àti igba, tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé òun bá a dé òpin. Ìdùnnú yẹn ni akéwì ń lò láti ṣí ọkàn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí olùgbọ́ bá ti rẹ́rìn-ín sí eré ohùn, ìbáwí tó tẹ̀ lé e nípa ẹlẹ́mu tó gba owó kó tó bu ẹmu, tàbí olóṣèlú tó gba ìbò kó tó ṣe iṣẹ́, yóò ti wọlé kí ó tó rántí ti ilẹ̀kùn.

Ọládàpọ̀, tó fún ara rẹ̀ ní orúkọ Odídẹrẹ́ Ayékòótọ́, tó sì tẹ Àròyé Akéwì ní apá méjì ní 1973 àti 1975, fi bí a ṣe ń lo ohùn lọ́nà yìí hàn kedere, ó sì gbé e wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Adépọ̀jù, tó tẹ Ìrònú Akéwì ní 1972, tó sì di olóògbé ní 2023, gba ọ̀nà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó di ìbáwí gbangba, ó sì ń bá ìjọba àti ẹlẹ́sìn sọ̀rọ̀ ní ohùn oníwàásù. Àwọn méjèèjì jọ fi hàn pé ìlú Ìbàdàn nílò irú Ẹ̀fẹ̀ tó ń jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti pé rédíò ni ojúde tuntun tó ti lè jáde.

Láti Ẹlẹ́yẹlé dé Sángo: àwọn akéwì elédè Gẹ̀ẹ́sì

Ewì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ní Ìbàdàn ní í ṣe pẹ̀lú àdúgbò Ẹlẹ́yẹlé, nítorí pé ibẹ̀, nínú àwọn ilé tí ilé ìwòsàn àwọn ológun fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1948 kí ó tó kó lọ sí ibi tó wà títí di òní. Láti inú kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ni J. P. Clark ti dá The Horn sílẹ̀ ní 1958, ìwé ewì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sì tẹ̀ lé e ní 1961. Púpọ̀ nínú ewì àkókò yẹn le koko, ó sì kún fún ìjìnlẹ̀ tó ṣòro fún olùkàwé lásán. Ẹ̀rín kò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ewì Wọlé Ṣóyínká tó ń jẹ́ Telephone Conversation, tó wà nínú àkójọ tí Gerald Moore àti Ulli Beier ṣe ní 1963, yàtọ̀ gédégbé, ó sì yẹ kí a wò ó fínnífínní. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń wá ilé háyà ní ìlú òyìnbó. Ó tẹ obìnrin onílé láago, gbogbo ọ̀rọ̀ owó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ó tó jẹ́wọ́ pé ọmọ Áfíríkà ni òun. Obìnrin náà kò kọ̀ ọ́ ní tààrà. Ó béèrè bí dúdú rẹ̀ ṣe tó, bí ẹni tó ń yan aṣọ nínú ìsọ̀. Dípò kí ọkùnrin náà bínú, ó dáhùn pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí tó pọ̀ jù: ó pín ara rẹ̀ sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, ó sọ àwọ̀ ojú, ó sọ ti àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, títí tó fi dé ìdí, ó sì ní kí obìnrin náà wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ àti àsọrégèé ló parapọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ tẹ́ńbẹ́lú ló wá di ẹni tó ní agbára, ẹ̀rín sì bọ́ sórí ìbéèrè náà fúnra rẹ̀, débi pé ẹni tó bá ka ewì náà tán kò ní lè gbọ́ ìbéèrè nípa bí àwọ̀ ṣe dúdú tó láìrí ìwà òmùgọ̀ inú rẹ̀. Èyí ni àpẹẹrẹ tó pé jù lọ fún òṣùwọ̀n tí àgbéyẹ̀wò yìí gbé kalẹ̀.

Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé ewì padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn: láti 1985 ni ó ti ń kọ ewì sínú Sunday Tribune lábẹ́ àkọlé Songs of the Season, tó sì ń fi ọ̀wọ́n oúnjẹ, àìsí iná àti ìṣe àwọn aláṣẹ ṣẹ̀fẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí òwe Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 1990, ọdún tí àkójọ ewì náà di ìwé, ó tún tẹ Waiting Laughters, èyí tó gba ẹ̀bùn Noma fún ìwé tí a tẹ̀ ní Áfíríkà ní 1991. Rẹ̀mí Rájí, tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn àti olùkọ́ ní yunifásítì kan náà, tẹ A Harvest of Laughters ní 1997, nígbà tí ìjọba ológun le jù lọ. Ilé iṣẹ́ Kraft Books tó wà ní òpópónà Poly ní Sángo, tí kò jìnnà sí Ẹlẹ́yẹlé, ló tẹ ìwé náà. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni Yorùbá ń fi í rín, àwọn akéwì méjèèjì sì gbé ọgbọ́n yẹn wọ èdè àjèjì: nínú ìwé wọn, ẹ̀rín jẹ́ ìrètí àti ọ̀nà tí ẹni tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ fi ń kọ̀ láti gbà pé a ti ṣẹ́gun òun.

Ẹ̀rín àwọn ará Amẹ́ríkà

Ní 2003, Rájí tẹ Shuttlesongs America, ewì tó kọ nípa ìrìn àjò ní Amẹ́ríkà, èyí tó mú kí ó bójú mu láti béèrè irú ẹ̀rín tó wà ní ilẹ̀ náà. Ogden Nash, tó kú ní 1971, sọ ìfọ̀rọ̀dárà di iṣẹ́ òòjọ́, ó ń na ìlà gùn, ó sì ń fún ọ̀rọ̀ lọ́rùn kí ìró ìparí wọn lè bára mu. Frank O'Hara, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ohun ọnà kan ní New York, kọ ewì nípa ohun tó rí ní òpópónà ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó sì kó wọn jọ sínú Lunch Poems ní 1964. James Tate a máa bẹ̀rẹ̀ ewì bí ìtàn lásán, lẹ́yìn náà ni nǹkan àràmàǹdà yóò wọlé tí ẹnikẹ́ni nínú ewì kò ní ta pútú. Charles Simic, tí a bí ní Belgrade ní 1938, tí ogun sì bá a ní kékeré, gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1990 fún ìwé ewì tí kò pín sí ìlà, nínú èyí tí ẹ̀rín àti ẹ̀rù ti ń gbé pọ̀.

Ohun tó so àwọn wọ̀nyí pọ̀ ni pé ohùn ẹnìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, sí olùkàwé tó dá jókòó. Akéwì Amẹ́ríkà a máa fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ju bó ṣe ń fi ìlú ṣe é lọ, a sì máa dá ayé tuntun sílẹ̀ nínú ewì kọ̀ọ̀kan. Akéwì Ìbàdàn, ní tirẹ̀, ń bá àpéjọ sọ̀rọ̀, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí àpéjọ náà ti mọ̀: ó lè sọ ìdajì òwe kí ó dákẹ́, kí àwọn olùgbọ́ parí rẹ̀, kí ẹ̀rín sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ọ̀nà ti Amẹ́ríkà ní agbára láti yà wá lẹ́nu. Ọ̀nà ti Ìbàdàn ní agbára láti kó wa jọ.

Síbẹ̀, láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ààlà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Langston Hughes, tó kú ní 1967, kọ ewì tó gba ohùn rẹ̀ láti inú orin àti àwàdà ìgboro Harlem ní New York, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ní àṣà kan láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n fi ń bú ara wọn tòun tìyá wọn níwájú àwọn ènìyàn, tí ẹni tó bá bínú ni yóò pàdánù, èyí tó jọ òfin Òkèbàdàn gan-an. Ní 1988, Henry Louis Gates tẹ The Signifying Monkey, nínú èyí tó ti so ọgbọ́n ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ Èṣù Ẹlẹ́gbára ti Yorùbá. Tí a bá fi ojú yìí wò ó, ewì ẹlẹ́fẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìbátan ní ilẹ̀ Yorùbá.

Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni a máa ń fi kan ewì ẹlẹ́fẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rín ń gba ìwúwo lọ́wọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí a sọ nípa Ṣóyínká àti Ọbasá ti dáhùn èyí. Èkejì ni pé owó ti ra ẹnu akéwì. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí pé akéwì tí a pè sí ìwúyè tàbí ìpolongo ìbò mọ ẹni tó sanwó fún òun, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ a sì máa fo orí olówó náà bọ́ sórí alátakò rẹ̀. Ìṣòro tó le jù ni ẹ̀kẹta: ẹ̀fẹ̀ tó bọ́ sórí aláìlágbára. Orin àti ewì wà, láyé àtijọ́ àti lónìí, tó ń fi abuké, arọ, àgàn, opó àti àlejò ṣẹ̀sín. Àwíjàre pé àṣà ni kò tó, nítorí àṣà kan náà ló ní kí Ẹ̀fẹ̀ júbà àwọn ìyá kí ó tó la ẹnu, ló sì ní kí ìfiniṣẹ̀fẹ̀ Òkèbàdàn ní òpin. Ẹni tí kò lè fèsì, tí kò sì lè yí ohun tí a fi ń bú u padà, kò sí ìdájọ́ kankan nínú ẹ̀rín tí a fi í rín; ìyà ni.

Iṣẹ́ tó kù

Àwọn ohun mẹ́ta ló yẹ ní ṣíṣe bí ewì yìí kò bá ní parun. Ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tó wà ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì, wá ewì tó wà lórí tẹ́ẹ̀pù àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kàn, kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, nítorí pé ìfọ̀rọ̀dárà tí kò ní àmì ti kú. Ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ girama fi ewì ẹlẹ́fẹ̀ sáàrin ìwé kíkà. Billy Collins, tí Ilé Ìkówèésí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà yàn ní akéwì orílẹ̀-èdè láti 2001 sí 2003, ṣètò kí a máa ka ewì kan sókè ní ilé ìwé girama ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́sàn-án ọjọ́ ẹ̀kọ́, láìsí ìdánwò lórí rẹ̀; ìlú tó ní Ọbasá, Fálétí, Ìṣọ̀lá, Ọládàpọ̀ àti Adépọ̀jù lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè tirẹ̀ láìyá ewì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìparí, ó yẹ kí àwọn lámèyítọ́ jáwọ́ nínú bíbéèrè bóyá ewì panilẹ́rìn-ín tó tàbí kò tó, kí wọ́n máa béèrè ẹni tó ru ẹ̀rín náà. Akéwì tó bá fi ẹ̀rín lé agbára, ẹ̀tàn àti ìgbéraga lórí ti ṣe iṣẹ́ adájọ́, ó sì yẹ kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tún ìlú ṣe.